Ààbò Láàbù: Kí Kòkòrò Àrùn Má Baà Ti Ilé Àyẹ̀wò Wọ Ilé Wa

 

Ó ṣòro kí a rí ìdílé Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ láàbù. Bí ibà bá mú ọmọ, wọ́n á ní kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí aboyún bá lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlùfáà kì í so yìgì mọ́ láìjẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó mú èsì jínótáípù wá. Nínú àwọn ọmọ tí a bí náà, ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ṣẹ́ láàbù ní yunifásítì àti ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, àwọn mìíràn sì ti ń ṣe é jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà béèrè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tán, níbo ni ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ? Ta ló ń fọwọ́ kàn án? Níbo ni wọ́n ń da abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí? Bí kòkòrò àrùn tó le bá wà nínú rẹ̀, kí ló ń dá a dúró kó má tẹ̀lé òṣìṣẹ́ náà délé, sọ́dọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń dáàbò bo láàbù, ohun tí ojú ti rí lórí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, àti ipa tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè kó, yálà a ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Ọ̀tan Ayégbajú.

Ààbò àti ìṣọ́: nǹkan méjì ni

Àwọn onímọ̀ ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó jọra: biosafety àti biosecurity. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní ààbò, a ó sì máa pe èkejì ní ìṣọ́.

Ààbò ni gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ láàbù ń ṣe kí kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ìgbẹ́ aláìsàn má baà ran òun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun àti àwọn ará ìlú. Ìṣọ́ ni gbogbo ohun tí a ń ṣe kí ẹni tí kò yẹ má baà rí kòkòrò náà gbé: ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe ọ̀tá, ìbáà sì ṣe òṣìṣẹ́ inú láàbù gan-an tí ọkàn rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ wo màlúù Iléyá tó ń kan ènìyàn. Okùn ni a fi ń so ó kó má baà kan ọmọdé. Ìlẹ̀kùn ọgbà ni a ń tì kí olè má baà fà á lọ lóru. Okùn kò lè ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn kò sì lè ṣe iṣẹ́ okùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààbò àti ìṣọ́ rí nínú láàbù.

Yábàá, ọdún 1927

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó, láti mọ ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní yellow fever. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Ara Asibi yá. Ọ̀bọ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí lára ni ó kú. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò tó kéré débi pé inú asẹ́ àwọn onímọ̀ kò lè dá a dúró ló ń fa àrùn náà.

Ọ̀kan nínú àwọn olórí iṣẹ́ yìí ni Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilé ìwòsàn Guy's ní London. Nínú iṣẹ́ yìí kan náà ni àrùn náà mú un. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e, Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé, kú ní Accra nítorí àrùn kan náà tó ń wádìí. Dókítà William Young tó yẹ òkú Noguchi wò náà kú nínú oṣù yẹn.

Èrè iṣẹ́ wọn kò parun. Láti ara kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D, tí wọ́n sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gún fún ọmọ wa tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, òun náà ni wọ́n sì ń kọ sínú káàdì yẹ́lò ẹni tó ń lọ sí Hájì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe aláìmọ̀kan ni àwọn tó kú wọ̀nyí. Ọ̀gá nínú ìmọ̀ ni wọ́n. Ìmọ̀ nìkan kò tó láti dáàbò boni bí ìlànà iṣẹ́ kò bá tí ì sí.

Láti ìlú Lassa dé Amẹ́ríkà, ọdún 1969

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọlu Laura Wine, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àwọn ajíhìnrere ní ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú síbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, tí ojú egbò kékeré wà ní ìka rẹ̀, náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí New York, Ọlọ́hun sì fún un ní àlàáfíà.

Ní àkókò náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní láti rin ìrìn àjò dé Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kí a tó lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Níbẹ̀ ni Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí kòkòrò tuntun náà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa pè. Kò pẹ́ ni àrùn náà mú Casals fúnra rẹ̀. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ara rẹ̀ ti yá, ni wọ́n fà sí i lára, orí sì kó o yọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún náà, àrùn yìí kan náà mú Juan Roman, òṣìṣẹ́ láàbù ní Yale, ó sì kú. Roman kì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò Lassa rárá. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe nínú ilé kan náà. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà tí kòkòrò náà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Yale dáwọ́ iṣẹ́ lórí kòkòrò náà dúró, wọ́n sì kó o lọ sí ibùdó ìjọba ní Atlanta, níbi tí ààbò ti le jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup ní Jos fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń yẹ òkú ẹni tí ibà Lassa pa wò. Òun náà kú ní oṣù kejì ọdún yẹn.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé ló wà nínú ìtàn yìí: ojú egbò kékeré, irinṣẹ́ mímú, àti yàrá tí ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ń bá kòkòrò gbé pọ̀. Kò sí èyí tó yí padà nínú wọn láti ìgbà náà.

Èkó, ọdún 2014

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer bọ́ọ́lẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Obalende. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fura pé àìsàn náà ju ibà lásán lọ, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde síta. Láàbù LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ibùdó ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's, tó wà ní Ẹdẹ lónìí, ló fi hàn pé Ebola ni. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹdẹ kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni òun àti Ọ̀tan Ayégbajú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, wà. Ibùdó Ẹdẹ yìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, náà ló ka àwòrán àbùdá kòkòrò kòrónà tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2020.

Èyí jẹ́ ohun ìwúrí. Ní ọdún 1969, ẹ̀jẹ̀ ní láti kọjá òkun. Ní ọdún 2014, èsì ti nílé wá. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò ṣe súnmọ́ wa ni ewu rẹ̀ náà súnmọ́ wa. Àwọn ọmọ wa ló ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ yẹn báyìí. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ máa dá àrùn mọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú láàbù rẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpele mẹ́rin

Àwọn onímọ̀ pín ààbò láàbù sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní wà fún kòkòrò tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, bíi èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ìpele kejì ni ọ̀pọ̀ láàbù ilé ìwòsàn, tí wọ́n ti ń yẹ ibà, tàífọ́ọ̀dù, àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti HIV wò. Ìpele kẹta wà fún iṣẹ́ bíi kí a gbin kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB, kó lè dàgbà, nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn. Ìpele kẹrin ni ti Ebola àti Lassa tí a bá fẹ́ mú kòkòrò wọn dàgbà láàyè. Láàbù irú èyí kò pọ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹnì kan lè béèrè pé: báwo wá ni a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ Lassa wò ní Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tí a fẹ́ fi kòkòrò náà ṣe ló ń sọ ìpele tí a nílò. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi oògùn kan pa kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àwòrán àbùdá rẹ̀ ṣì wà tí ẹ̀rọ lè kà, ṣùgbọ́n kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà tí kòkòrò ṣì wà láàyè ni ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ jù.

Ìwé ìlànà ààbò láàbù tí WHO tún ṣe ní ọdún 2020 tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí láàbù kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe, kó wo ibi tí ewu wà níbẹ̀, kó tó sọ irú ohun èlò tó yẹ. Èyí ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò sí iná tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ewu wà ní láàbù kékeré

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí Ebola, ká wá sí láàbù kékeré tó wà lẹ́bàá títì tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀. Ewu tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ gún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn tó ti fi fa ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ní kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, tí òṣìṣẹ́ náà kò sì gba àjẹsára rí, ó lè tó 30 nínú ènìyàn 100 tí yóò kó o. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100. Ti HIV jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 1,000. HIV tí gbogbo wa ń bẹ̀rù jù ni ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B sì lè wà láàyè lórí tábìlì fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ.

Ewu kejì ni afẹ́fẹ́. Bí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, ìkùukùu kékeré tí ojú kò rí yóò kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i lójú ẹsẹ̀ ti fà á símú. Ó yẹ kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó ṣí i.

Ewu kẹta ni iná mànàmáná. Àpótí ààbò tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní láàbù ńlá ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kí kòkòrò má baà fẹ́ sí òṣìṣẹ́ lójú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àpótí náà ò ju àpótí lásán lọ mọ́. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kó bo ohun tó wà níbẹ̀, kó sì dúró títí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà yóò fi gbé e padà. Àpótí yìí tún nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀.

Ewu kẹrin ni ìdọ̀tí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dà sórí ààtàn ni àwọn ọmọdé ń mú ṣeré, òun náà ló sì ń gún àwọn tó ń ṣa ike àti irin kiri.

Ohun tí láàbù tí kò lówó lè ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń dáàbò boni kò gba owó ńlá. Ìwà ni, ìlànà ni.

1. Kí gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, gba àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lẹ́ẹ̀mẹta: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà.

2. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí a ti lò. Inú àpótí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún jáde ni kó já sí tààrà. Bí àpótí bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n pa á dé.

3. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa ohunkóhun nínú láàbù. Kí a má jẹun, kí a má mu omi, kí a má sì kó oúnjẹ sínú fíríìjì tí ẹ̀jẹ̀ wà.

4. Kí a fi ìbọ̀wọ́ tuntun ṣe iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá bọ́ ọ. Ẹni tó fi ìbọ̀wọ́ dáhùn fóònù ti gbé iṣẹ́ láàbù lọ sílé.

5. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, kí a fi aṣọ tàbí bébà bò ó, kí a da omi blíìsì sí i, kí a sì dúró díẹ̀ kí a tó nù ún. Bí ìgò blíìsì bá kọ 3.5 nínú 100, ìwọ̀n kan blíìsì sí ìwọ̀n mẹ́fà omi ló tọ́ fún ẹ̀jẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí a po tuntun, kí a má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọṣálángá mìíràn, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lára.

6. Kí a se ìdọ̀tí tó ní kòkòrò nínú autoclave kí ó tó kúrò ní láàbù. Ẹ̀rọ yìí dà bí ìkòkò pressure pot. Ooru tó ń lò jẹ́ 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹrù bá pọ̀.

7. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kó sì sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni a ó sì fi lò ó. Ọ̀gá tó ń bú òṣìṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ gún ń kọ́ àwọn yòókù láti máa fi tiwọn pamọ́ ni.

Ó ku ohun tó kan àwa Mùsùlùmí tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kóòtù funfun láàbù kì í ṣe aṣọ tí a ń wọ̀ lọ kí ìrun Jímọ̀. Kí a bọ́ ọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Kí arábìnrin tó ń lo híjáàbù ní èyí tó ń lò fún láàbù nìkan, kó fi etí rẹ̀ sínú kóòtù kó má baà máa fẹ́ kan tábìlì tàbí iná, kó sì máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, kí a bọ́ ìbọ̀wọ́ àti kóòtù, kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a tó lọ ṣe àlùwàlá níbòmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ láàbù kì í ṣe ibi àlùwàlá.

Ìṣọ́: ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí Ebola ń jà ní ilẹ̀ Guinea, àwọn ọlọ́ṣà dá ọkọ̀ èrò kan dúró ní ọ̀nà tó wà láàárín Kankan àti Guéckédou. Òṣìṣẹ́ àjọ Red Cross kan wà nínú ọkọ̀ náà tó gbé kúlà tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fura pé ó ní Ebola wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà gba owó àti fóònù èrò, wọ́n sì gbé kúlà náà lọ pẹ̀lú. Ìjọba ní láti máa bẹ̀ wọ́n lórí rédíò pé kí wọ́n dá a padà.

Ìtàn yìí yẹ kó yé wa dáadáa. Bí dókítà bá fura sí ibà Lassa lára aláìsàn kan ní Ọ̀tan Ayégbajú tàbí ní Ìlá Ọ̀ràngún, láàbù kékeré kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ náà ní láti rìn lójú títì. Nítorí èyí ni ìlànà fi sọ pé ìpele mẹ́ta ni kí a fi dì í: ìgò tí kò lè jò, inú ike kejì tí a dé pa, pẹ̀lú ohun tó lè fa omi mu bí ìgò bá fọ́, kí gbogbo rẹ̀ tún wọ inú àpótí líle tí a kọ àmì sí lára. Kí ẹni tó gbé e mọ ohun tó gbé, kí ẹni tó ń retí rẹ̀ sì mọ ìgbà tó yẹ kó dé.

Olè ojú ọ̀nà nìkan kọ́ ni a ń ṣọ́. Ní ọdún 2001, wọ́n fi lẹ́tà tó ní kòkòrò anthrax ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 5 kú, 17 sì ṣàìsàn. Ìwádìí àwọn ọlọ́pàá FBI sọ pé láàbù ìjọba ni kòkòrò náà ti jáde wá. Ìdí nìyí tí láàbù fi gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń sọ ohun tó wà nínú fíríìjì, ẹni tó wọlé, àti ohun tó mú. Ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, kí a pa á run. Ohun tí a kò ní, ẹnikẹ́ni kò lè jí i.

Òfin wo ló wà?

Nàìjíríà kò ṣaláìní òfin. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn sílẹ̀, MLSCN, jáde ní ọdún 2003. Òun ló ń fún àwọn onímọ̀ láàbù ní ìwé àṣẹ. Òfin tó dá àjọ ààbò NBMA sílẹ̀ jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2019 kó lè kan ọ̀rọ̀ ìṣọ́ pẹ̀lú. Òfin àjọ NCDC, tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn, jáde ní ọdún 2018. Ohun tó kù ni kí òfin náà dé ẹnu ọ̀nà láàbù tó wà ní ìgbèríko, kí owó àti àyẹ̀wò sì máa tẹ̀lé e.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Àwọn kan máa ń sọ pé kádàrá ni, ohun tí Ọlọ́hun bá kọ yóò ṣẹ. Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun ló ni kádàrá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Ní nǹkan bí ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Híjírà, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró, ó bá àwọn sàábé jíròrò, ó sì pinnu láti padà. Nígbà tí Abu Ubayda bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá ni, ó ṣàlàyé pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni òun ti ń lọ sínú òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Abdurrahman ọmọ Awf wá jẹ́rìí pé Ànábì ti kọ́ wọn pé kí a má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde.

Bákan náà ni Ànábì kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Láàbù wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbé fún òṣìṣẹ́ jẹ́ àmánà: àmánà aláìsàn ni, àmánà àwọn ará àdúgbò ni, àmánà àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ náà gan-an sì ni.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Bí wọ́n bá ní kí a gba ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá láti ilé, inú ìgò tí láàbù fún wa ni kó wà, kí a dé e dáadáa, kí a sì fi nínú ọ̀rá mìíràn. Má ṣe lo ìgò tí ọmọ yóò tún fi mu omi. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ikọ́, ìta gbangba ni ká ti wú u sínú ìgò, kì í ṣe inú yàrá tí ọmọ wà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀, ẹ wò ó pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n yọ nínú ọ̀rá. Kì í ṣe àrífín láti béèrè. Bí òṣìṣẹ́ bá sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ẹ má ṣe bínú pé ó ń kórìíra yín. Ẹ̀yin àti ẹni tó kàn lẹ́yìn yín ló ń dáàbò bò.

Bí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́ láàbù, ẹ bi í léèrè: o ti gba abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B pé? Ta ni wàá sọ fún bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ?

Bí aláìsàn wa bá kú, tí ilé ìwòsàn sì fura sí Lassa tàbí Ebola, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún àwọn tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tọ́jú òkú náà. A mọ̀ pé ìwẹ̀ òkú jẹ́ ẹ̀tọ́ lórí wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ti ṣàlàyé pé bí ìwẹ̀ náà yóò bá pa alààyè lára, tayamọ́ọ̀mù lè dípò rẹ̀, tí ìyẹn náà bá sì léwu, Ọlọ́hun mọ àwíjàre wa. Ẹ bi ìmáàmù yín léèrè kí irú rẹ̀ tó dé.

Ìjọ mọ́sálásí náà ní ipa tiwọn. A máa ń gbẹ́ kànga, a sì máa ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún sàdákà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Páànù sólà kan fún láàbù ilé ìwòsàn ìlú, páálí àpótí abẹ́rẹ́, owó àjẹsára fún ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tàbí iná ìléru tí wọ́n yóò ti máa sun ìdọ̀tí ilé ìwòsàn dípò ààtàn: gbogbo wọn ló bọ́ sábẹ́ sàdákà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ka iye àrùn tí wọn kò jẹ́ kó dé, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kó sì fi ìmọ̀ àti sùúrù ta wọ́n lọ́rẹ. Àmín.